Àpáta Tí Amòòkùn Fi Hàn

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Amòòkùn. Ó lè wọ inú òkun lọ, kí àwọn tó wà létí omi kà títí dé ọgọ́rin, kí ìyá rẹ̀ ti káwọ́ lérí, kó tó yọjú bí ẹni tó ń ti yàrá kejì bọ̀, ẹ̀rín lẹ́nu. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, orúkọ yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí omi òkun ti kan èjìká rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Inú ahéré pákó kan ló ń jókòó sí ní tirẹ̀. Wọ́n kọ́ ahéré náà sórí òpó kọnkéré mẹ́rin, níbi tí òkìtì òkúta etí omi parí sí. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni gígùn rẹ̀, mẹ́ta ni ìbú. Àga kan wà níbẹ̀, tábìlì kan, ìwé ńlá onílà kan, rédíò ọwọ́ kan, àti awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Iyọ̀ òkun ti mú kí ilẹ̀kùn wú débi pé ènìyàn ní láti fi èjìká tì í kó tó lè wọlé, kó sì fi ẹsẹ̀ ta á kó tó lè jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ibi tí fèrèsé náà kọjú sí sì ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ apá kan òkun tí wọ́n fi àgbá pupa mẹ́jọ tó léfòó sàmì sí yíká. Ọkọ̀ apẹja kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá àwọn àgbá yẹn. Ìwé ìjọba ní orúkọ kan fún ibẹ̀, orúkọ tó gùn tí ènìyàn ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é tán. Àwọn apẹja ò ráyè ìyẹn. Ọgbà ni wọ́n ń pè é. Bí o bá ní ọgbà òdòdó ni, o ò jẹ̀bi. Bí o bá ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn.

Bí Amòòkùn ṣe di ẹ̀ṣọ́ ọgbà, ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹja dàwátì. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ń pẹja nínú ọkọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, ìgbà kan sì wà tí wọ́n lọ sójú omi lọ́jọ́ mọ́kànlá léra, tó jẹ́ pé ẹja tí wọ́n kó bọ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ti gbá òkun mọ́ bí ìgbálẹ̀. Ní àkókò yẹn ni obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló kà débi tó fi di dókítà, ni àwọn apẹja bá sọ ọ́ ní Dókítà Ẹja. Àwọn aláwàdà a máa bi í bóyá ẹja náà ń gba abẹ́rẹ́.

Dókítà Ẹja pe ìpàdé sí abẹ́ òrùlé páànù níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹja ní èbúté. Ó tẹ́ àwòrán òkun sórí tábìlì. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ẹja ti ń yé ẹyin, kí wọ́n lè pa ibẹ̀ mọ́, kí ẹja lè padà bọ̀. Àwọn àgbà apẹja ń wo òrùlé. Ẹnìkan ń wú ikọ́ tí kò gbé e. Dókítà fúnra rẹ̀ wá fi pẹ́ńsù fàlà síbì kan.

Ni Amòòkùn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ibi tí ẹ fàlà sí yẹn, iyanrìn lásán ni. Ẹja tó bá yé ẹyin síbẹ̀, orí rẹ̀ ló dàrú.”

“Níbo wá ni, bàbá?”

Ó nawọ́, ó fi ìka kan tẹ ibẹ̀.

Ìgbà tó gbé ìka náà kúrò ló tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ọ̀hún ti ṣú bí òjò.

Àpáta kan ló wà lábẹ́ omi níbi tó tẹ̀ yẹn. Bàbá wọn ló mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì nìkan ló sì fi hàn. Àpáta náà dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi bí màlúù tó ń sùn, ihò kún gbogbo ara rẹ̀. Jálẹ̀ ogójì ọdún, ìwọ̀ nìkan ni bàbá máa ń jù síbẹ̀. Tó bá sì di ìparí ìgbà òjò, tí oṣù bá yọ rogodo, tí àwọn ẹja pupa ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí wá yé ẹyin, bàbá á kó ìwọ̀ rẹ̀ sílé pátápátá, á kàn mú àwọn ọmọ lọ wò wọ́n ni. Á ní, “Ibi tí wọ́n ti ń bímọ rèé. A kì í gbé àwọ̀n wọ yàrá abiyamọ.” Á tún ní kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyàwó wọn.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Amòòkùn máa ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó gún un ní kẹ́ṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà mìíràn á ní àánú ẹja ló ṣe òun. Nígbà tó bá fẹ́ bá ara rẹ̀ sòótọ́, á ní ìgbéraga ni. Obìnrin tó kàwé tó báyẹn ò mọ ohun tí òun mọ̀, ó sì dùn mọ́ òun láti jẹ́ kó mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àgbá pupa mẹ́jọ ti yí àpáta bàbá wọn ká. Wọ́n fún Amòòkùn ní ṣẹ́ẹ̀tì káàkì àti fìlà, wọ́n ní òun tó mọ ibẹ̀ jù ni kó máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ gbólóhùn kan péré fún un. Ó ní, “Ìka kan lo fi tà wá.” Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ilé wọn bá jìnnà síra ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n inú ilé bàbá wọn ni àwọn méjèèjì ń gbé, ilé gígùn kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gba àárín kọjá bí ìfun. Ẹ̀gbọ́n ló ni yàrá méjì iwájú, Amòòkùn ló ni méjì ẹ̀yìn, ìyá wọn wà láàárín. Ògiri aládùúgbò ti dí ẹ̀yìn ilé pa. Kò sí ọ̀nà tí Amòòkùn lè gbà jáde àfi iwájú ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n á yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ṣé atẹ́gùn ló fẹ́ yẹn?”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tí kò níkà nínú, á rọra dá a lóhùn láti ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn pé, “Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o.” Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun náà ní ilé tó fẹ́ sùn sí.

Ní èbúté, bí Amòòkùn bá ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ á wọlẹ̀. Ẹnìkan á ní, “Ẹ rọra o, ìjọba ti dé.” Ìyàwó Amòòkùn, tó ń yan ẹja tà, ń nawọ́ abọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀, wọ́n á sì máa sọ fún un pé ẹja ti tán, nígbà tí ìrù ẹja ń fì létí agbọ̀n wọn. Bó ṣe di pé obìnrin náà ń rin ìrìn wákàtí kan àti àbọ̀ lọ sí èbúté mìíràn nìyẹn, kí ó tó rí ẹja tó máa yan. Kò ráhùn. Àìráhùn rẹ̀ gan-an ló ń dun Amòòkùn jù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà kejì, Dókítà Ẹja wá bá a nínú ahéré. Kò jókòó, torí àga ò ju ẹyọ kan lọ, Amòòkùn náà ò sì lè jókòó kí ọ̀gá rẹ̀ wà lórí ìdúró. Ni àwọn méjèèjì bá dúró.

“Bàbá, mi ò lè dè yín mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Àwọn oníbọn ni ọ́fíìsì ńlá fẹ́ kó wá tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lo ọmọ ibí. Tí ẹ bá kúrò lónìí, àwọn yẹn ló máa dé lọ́la. Wọn ò sì mọ ẹ̀gbọ́n yín yàtọ̀ sí olè.”

“Ẹ ti so mí mọ́lẹ̀ náà nìyẹn, Dókítà.”

“Kì í ṣe èmi, sà.”

Kò sì parọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Amòòkùn gba lẹ́tà rẹ̀ padà, ó ká a, ó fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Ní ọdún kẹrin, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lójú omi, ó gbé awò sójú, ó sì rí ọkọ̀ kan tó ti kọjá àgbá kẹta. Àwọ̀ ewé ni ọkọ̀ náà, pákó tuntun kan tí wọn ò tíì kùn wà níhà òsì rẹ̀. Kò nílò kó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún síbẹ̀ láyé ọjọ́un, lójú bàbá wọn: SÙÚRÙ LÉRÈ.

Ó ní bóyá ẹ́ńjìnnì ló kú. Ó ní bóyá omi ló gbé e. Ó bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ pé omi ló gbé e. Ó gbé rédíò, ó gbé e kalẹ̀. Nínú awò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde dúró nínú ọkọ̀, ó kọjú sí ahéré, ó wò ó bí ẹni pé tábìlì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé àwọ̀n, ó jù ú sómi. Àwọ̀n! Kì í tiẹ̀ ṣe ìwọ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n bá dá wà níbẹ̀ ni, bóyá Amòòkùn ìbá yí ojú sí ògiri. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́rin ti dúró sẹ́yìn àgbá, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń wo ohun tí ẹ̀ṣọ́ máa ṣe. Tó bá dákẹ́, ogún ọkọ̀ ló máa wọlé lọ́la pẹ̀lú àwọ̀n, lọ́túnla àwọn oníbọn á dé. Tó bá sọ̀rọ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ sí. Ó jókòó tìdí tìdí. Òógùn ń bọ́ sórí ìwé láàárọ̀ tútù. Ó wá mú bírò, ó kọ aago, ó kọ ibi tí ọkọ̀ wà, ó kọ orúkọ ọkọ̀. Ọwọ́ kan náà tó kùn ún ló kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ rédíò.

Wọ́n gba ìwé àṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sórí iyanrìn, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Nígbà tó dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Arúgbó náà ò pariwo. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń yí wọn padà bí ẹni tó ń wá ìdọ̀tí lára wọn.

“Ọ̀tún rèé. Òsì rèé. Èwo ni kí n gé nínú wọn?”

“Màmá, ẹ dákun.”

“Bàbá yín sọ fún yín pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Àbí kò sọ fún yín ni?”

“Ó sọ ọ́, mà.”

“Ó dára. Máa lọ jẹun.”

Ó lọ sí yàrá rẹ̀, kò sì jẹun.

Fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ru búlọ́ọ̀kù yìnyín ní èbúté fún àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sójú omi. Ènìyàn tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ló ń ru yìnyín fún àwọn ọmọ tó kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so okùn. Bí Amòòkùn bá jókòó sórí àga rẹ̀, fèrèsé kọjú sí ọgbà. Bó bá ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé, ẹ̀gbọ́n ló máa rí, pẹ̀lú àpò yìnyín lórí àti omi tútù tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ó wá ń ti ilẹ̀kùn. Ooru ń pa á nínú pákó, ó sì jókòó tì í.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ọgbà náà ń ṣiṣẹ́. Ìbá ṣe pé òfo ni gbogbo rẹ̀ já sí, ìbá rí ẹni bú. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé ló ti ń rí ẹja tó ń fò lójú omi bí ọmọ ilé ìwé tó gba ọjọ́ ìsinmi. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́ láìfi ọ̀kan kún un, láìyọ ọ̀kan kúrò.

Nígbà tí ọdún karùn-ún pé, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ńlá. Wọ́n kó gbogbo apẹja jọ sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri wá. Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni ojú ìwé kan láti inú ìwé Amòòkùn, tí wọ́n sọ di ńlá. Gbogbo ayé ń wo ìkọ̀wé rẹ̀ tó wọ́ bí alákàn. Ọ̀gá náà ní iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí dára púpọ̀. Ó ní ìwé rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ẹja ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní nítorí náà, ọ́fíìsì fẹ́ sún ààlà ọgbà síwájú títí dé ẹnu èbúté.

Ariwo sọ. Dókítà Ẹja ń wolẹ̀. Ó hàn pé kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa gba ibẹ̀ yọ. Gbogbo ojú sì yí sí Amòòkùn, bí ẹni pé òun tún ti na ìka.

Ó dìde. 

“Ọ̀gá, èmi ni mo kọ ohun tí ẹ ń wò yẹn. Ẹ rí ohun tí mo kọ. Ẹ ò rí ohun tí mi ò kọ.”

“Bí i kí ni?”

“Mi ò kọ ọ́ pé àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí kò yẹ kó jìnnà ti ń jìnnà nítorí ọgbà. Mi ò kọ ọ́ pé méjì nínú wọn dojú dé lọ́dún tó kọjá, pé orí pákó tó ń léfòó ni wọ́n ti rí àwọn tó wà nínú ọ̀kan. Mi ò kọ ọ́ pé ìyàwó mi ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra ẹja, èmi tí ilé bàbá mi wà létí omi. Ẹja ti pọ̀, ẹnu mi ò ní sẹ́ ẹ. Àmọ́ àwọ̀n ló pa á run nígbà yẹn, kì í ṣe ìwọ̀. Bàbá wa ju ìwọ̀ sórí àpáta yẹn fún ogójì ọdún, kò tán. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ wa máa wọlé. Ìwọ̀ nìkan. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Tí ìgbà ẹyin bá sì tó, kí gbogbo wa jókòó sílé.”

Ọ̀gá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ta ni yóò dúró fún wọn?”

Àwọn àgbà tún ń wo òrùlé.

“Èmi,” ni Amòòkùn wí.

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké jáde, “Ẹ gbọ́ o! Ó tún ti nawọ́!” Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní òun ò fẹ́.

Wọ́n gbà, wọ́n sì fi ẹ̀gún sí i. Ọkọ̀ mẹ́fà péré, tí wọ́n máa fi ìbò mú. Ẹja tí kò bá gùn tó ọ̀pá ìdíwọ̀n gbọ́dọ̀ padà sómi. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ inú omi. Amòòkùn gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ náà nígbàkígbà tí wọ́n bá wọlé. Bí wọ́n bá rí àwọ̀n kan ṣoṣo, ààlà á sún dé ẹnu èbúté, òun ni yóò sì lọ jẹ́jọ́. Kò sì lè fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún mìíràn. Dókítà Ẹja rọra sọ fún un pé kó mú ìwé àdéhùn náà relé kó rò ó. Ó ní òun ti rò ó tó. Ó mọ̀ pé bí òun ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn òun, ara òun lòun ń tì mọ́ inú ilé. Ó fọwọ́ sí i.

Ìbò mú ọkọ̀ mẹ́fà, SÙÚRÙ LÉRÈ sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ọkọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ máa jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, SÙÚRÙ LÉRÈ náà ló jáde. Àwọn kan dì mọ́ ara wọn fún ẹ̀rín. Ìyá àwọn méjèèjì ní Ọlọ́run kì í sùn.

Àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì, Amòòkùn jókòó síwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìdíwọ̀n lórí itan. Wọ́n dé orí àpáta, ẹ̀gbọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Kò bèèrè ibi tó wà. Ó ju ìwọ̀, kò pẹ́ tí okùn fi le. Ẹja pupa kan yọ, ó tóbi débi pé ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ara rẹ̀, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Amòòkùn wọ̀n ọ́n. Ó tó. Èkejì tó. Ẹ̀karùn-ún yọ, Amòòkùn tẹ́ ọ̀pá tì í, ó tún un tẹ́.

“Kò tó.”

Ẹ̀gbọ́n dúró bí òpó. Fún ọdún márùn-ún, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá àbúrò rẹ̀ sọ nìyí: “Àtàǹpàkò kan ló kù.”

“Ẹ̀gbọ́n, kò tó.”

Nínú ọkọ̀ márùn-ún yòókù, gbogbo ọwọ́ ti dúró. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n, ó wo ẹja tó ń jà nínú ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹja náà sínú omi bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

“Bàbá náà kì í mú irú rẹ̀,” ló wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Omi ti mọ́ gaara nígbà yẹn. Amòòkùn tẹ̀ sí etí ọkọ̀. Ó rí ẹ̀yìn àpáta nísàlẹ̀, ó rí ihò ńlá tí òun máa ń gbà kọjá nígbà èwe. Àyà rẹ̀ ń fà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

“Ṣé o ò ní wọ̀ ọ́ wò ni?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Ìwé ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọmi.”

“Títí kan ìwọ?”

“Èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí, ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì.

Ní èbúté, ìyàwó Amòòkùn ti wà láàárín àwọn obìnrin tó dúró, lẹ́yìn pátápátá, abọ́ rẹ̀ lábẹ́ apá bí ẹni tí kò retí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kọjá lára àwọn tó wà níwájú, ó da ẹja mẹ́rin sínú abọ́ náà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Amòòkùn ń sáré kọ iye ẹja ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn ọkọ̀ léjìká.

“Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ la ó ṣí. Má jẹ́ kí n dúró dè ọ́.”

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Kò dúró kí wọ́n jọ rìn relé. Amòòkùn náà ò sì lè tẹ̀lé e, torí aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ku wákàtí mẹ́rin. Ó gun orí òkúta padà lọ, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó gbé awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn àgbá náà láti orí èyí àkọ́kọ́.